Èsì: Ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ inú yàrá ọkàn tí kátẹ́tà oníná ń fi hàn

Ẹ béèrè ìdí tí ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ inú yàrá ọkàn tí kátẹ́tà oníná (ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tó rọ̀, tí a ń tì bọ inú ọkàn láti fi iná wọn bí ẹ̀jẹ̀ ibẹ̀ ṣe pọ̀ tó) ń fi hàn fi máa ń pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Iná díẹ̀ tí a ń rán láàárín àwọn òrùka irin ara kátẹ́tà náà kì í gba inú ẹ̀jẹ̀ nìkan kọjá. Ó ń yọ́ gba inú ẹran ògiri ọkàn pẹ̀lú, ẹ̀rọ kò sì mọ ìyàtọ̀, ó ń ka gbogbo rẹ̀ sí ẹ̀jẹ̀. Ọgbọ́n tí olùwádìí Baan àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣàlàyé ní 1984 ni pé kí a fún omi tí iyọ̀ rẹ̀ ju ti ẹ̀jẹ̀ lọ díẹ̀ sínú ẹ̀jẹ̀: bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń gbé iná sí i, tí ògiri sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má yí padà, a lè ṣírò iye tí ògiri fi kún un, tí a óò yọ kúrò nínú ohun tí ẹ̀rọ fi hàn. Lójú tèmi, ìwọ̀n tí a kò bá tíì ṣe èyí sí kò ṣeé gbára lé.