Ṣé Eéṣú Ni Ó Wà Lóko Mi?

Ìbéèrè: Olóòtú, mo kí yín o. Ẹ̀gẹ́ ni mò ń gbìn ní Ìkọ̀lé-Èkìtì. Ṣé eéṣú tí ó ya bo Kẹ́ńyà ní ọdún 2020 ni ó ń jẹ ewé rẹ̀ lẹ́ẹ̀rùn yìí?

Ìdáhùn: Rárá o. Eéṣú aṣálẹ̀ nìyẹn, tí ọ̀wọ́ kan ṣoṣo tí ó gba kìlómítà kan níbùú lóròó lè jẹ oúnjẹ 35,000 ènìyàn lójúmọ́. Tata ni tiyín, èyí tí ara rẹ̀ dúdú tí ó sì ní àwọ̀ ìyeyè, tí òórùn rẹ̀ kò dára rárá. Abẹ́ ibòji, pàápàá níbi tí ewé Akíntọ́lá ti pọ̀, ni wọ́n ti ń jọ yé ẹyin sínú ilẹ̀ nígbà tí òjò bá ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ sàmì sí ibẹ̀, kí ẹ sì fi ọkọ́ hú ẹyin náà síta kí oòrùn lè pa á. Èmi fi èyí ṣáájú oògùn.