Drysuit Tuntun Tó Ń Fún Ọrùn

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Leicester ni mo wà, mo sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ra drysuit, aṣọ ìmòòkùn tí omi kì í wọ̀. Rọ́bà ọrùn rẹ̀ ń fún mi débi pé òòyì ń kọ́ mi, ẹsẹ̀ mi sì ń yọ nínú bàtà rẹ̀. Ẹni tó tà á ní yóò dẹ̀ tó bá yá. Ṣé kí n ní sùúrù?

ÌDÁHÙN: Òòyì kì í ṣe ohun tí a ń ní sùúrù fún. Iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí ọpọlọ gba ẹ̀gbẹ́ ọ̀fun kọjá lọ́tùn-ún lósì. Bí rọ́bà bá tẹ̀ wọ́n, ènìyàn lè dákú, ẹ sì mọ ohun tí ìyẹn ń dá sílẹ̀ lábẹ́ omi.

Ọrùn tí wọ́n fi neoprene ṣe, ìyẹn rọ́bà tó nípọn bíi fóòmù, lè dẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ọrùn náà bá fẹ́lẹ́, tó ń dán, tí àwọn ìlà yí i po, rọ́bà tí wọ́n ń pè ní latex ni, kò sì ní dẹ̀ tó bí ẹ ṣe fẹ́. Gígé ni wọ́n ń gé e.

Ẹ má tíì mú àlùmọ́gàjí o. Ẹ kọ́kọ́ wọ aṣọ òtútù yín sábẹ́ rẹ̀, kí ẹ lóṣòó, kí ẹ gbá ara yín mọ́ra, kí ẹ na ọwọ́ sẹ́yìn bí ẹni fẹ́ ṣí fáàfù sílíńdà afẹ́fẹ́ tó wà lẹ́yìn yín. Bó bá ń fa yín ní abẹ́ tàbí léjìká, ó kúrú fún yín. Ẹ dá a padà báyìí, torí ta ni yóò gba aṣọ tí wọ́n ti gé?

Bó bá gba yín dáadáa, ẹ jẹ́ kí ẹnìkan bá yín na rọ́bà náà, kí ẹ gé ìlà kan ṣoṣo. Kí àlùmọ́gàjí mú, kí ó sì máa yọ́ lọ láìpa ẹnu dé tán. Ibi tó bá pa ẹnu dé ni etí rọ́bà ti ń rí ṣákiṣàki, ibẹ̀ náà ni yóò ti ya lọ́jọ́ kan. Ẹ wọ̀ ọ́ fún ìṣẹ́jú 10, kí ẹ máa yí orí, kí ẹ gbé itọ́ mì. Bó bá ṣì ń fún yín, ẹ gé ìlà kan sí i. Ẹ dáwọ́ dúró nígbà tó bá dà bí kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì tí wọ́n dé bọ́tìnnì rẹ̀, torí nínú omi kì í fún tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Èyí tí ẹ bá gé jù, kò sí àtúnṣe àfi kí ẹ ra rọ́bà ọrùn míì.

Bí ẹ bá ń wọ̀ ọ́, pọ́dà tí kò ní lọ́fínńdà ni kí ẹ lò. Ẹ bọ́ òrùka àti yẹtí, kí èékánná má sì kàn án.

Ní ti ẹsẹ̀, ẹ fa okùn èjìká inú aṣọ náà kí abẹ́ rẹ̀ lè dúró síbi tó yẹ, kí ẹ fi ìbọ̀sẹ̀ tó nípọn kún un. Bó bá ṣì ń yọ, bàtà náà tóbi jù. Afẹ́fẹ́ yóò kó síbẹ̀, yóò sì gbé ẹsẹ̀ yín sókè nínú omi. Kí ẹ tó wọ omi, ẹ lóṣòó, kí ẹ fi ìka kan ṣí rọ́bà ọrùn, kí ẹ sì di orúnkún mọ́ra: ẹ ó gbọ́ bí afẹ́fẹ́ ṣe ń jáde. Inú odò ìwẹ̀ tí kò jìn ni kí ẹ ti kọ́kọ́ dán an wò pẹ̀lú olùkọ́ yín.

Bí omi bá ń wọlé lọ́rùn ọwọ́ nígbà tí ẹ bá di nǹkan mú, ẹ fa rọ́bà náà sókè díẹ̀ sí apá. Iṣan tó ń yọ sókè lọ́rùn ọwọ́ ló ń ṣe ọ̀nà fún omi, kò sì yọ tó bẹ́ẹ̀ lókè díẹ̀.