Ìbéèrè Òǹkàwé: Ṣé ká lé àwọn ará Kutonu kúrò ládùúgbò ni?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú wa. Àwọn ọmọ Kutonu àti Tógò tó ń lẹ táìsì pọ̀ ládùúgbò wa n'Ìbàdàn. Mítìn lándílọ́ọ̀dù fẹ́ ṣòfin pé kí wọ́n kó jáde, wọ́n ní iṣẹ́ àwọn ọmọ wa ni wọ́n ń gbà. Gánà ni wọ́n ti lé bàbá bàbá mi wálé láyé ìgbà yẹn, ọ̀rọ̀ yìí ò bá mi lára mu rárá. Kí ni kí n sọ fún wọn? — Ọmọ Lándílọ́ọ̀dù

ÌDÁHÙN: Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ kọ̀wé. Ọ̀rọ̀ bàbá bàbá yín gan-an ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Oṣù kọkànlá ọdún 1969 ni ìjọba Busia ní kí àjèjì tí ò ní ìwé ìgbélùú kúrò ní Gánà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, làwọn èèyàn wa láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ṣakí, Ìgbẹ́tì, Ọ̀fà, tí wọ́n ti bímọ bímọ síbẹ̀, bá ń kó ẹrù sí lọ́rì. Ẹ wo iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ o: wọ́n á ra ọjà ní Kumasi, wọ́n á gbé e dé abúlé tó jìnnà sí títì, wọ́n á ta ṣúgà ní ẹyọ ẹyọ, wọ́n á gé aṣọ lọ́pàá kan fẹ́ni tówó ẹ̀ ò tó odidi, wọ́n á tún tàwìn. Nígbà tí wọ́n lọ tán, ọjà abúlé dá páropáro, oko kòkó ò sì rí lébìrà tó.

Àwa náà ṣe tiwa ní January 1983 láyé Shagari, báàgì tí wọ́n fi kó ẹrù la ṣì ń pè ní Ghana Must Go dòní. Bẹ́ẹ̀ nígbà tí UPN, ẹgbẹ́ òṣèlú Awólọ́wọ̀, sọ ẹ̀kọ́ di ọ̀fẹ́ lẹ́yìn ìbò 1979, tọ́mọ kún sẹ́kọ́ńdírì fọ́fọ́ tí tíṣà ò tó, àwọn tíṣà Gánà ló kọ́ ọ̀pọ̀ àwọn òbí wa ní máàsì àti físíìsì. Inú mi kì í dùn tí mo bá rántí ẹ̀.

Ẹ tún bi wọ́n pé kí ni wọ́n jẹ láàárọ̀. Ẹ̀wà Àgànyìn, àwọn obìnrin láti ìhà Kutonu àti Tógò ló gbé e wá bá wa, pẹ̀lú ata gbígbẹ àti àlùbọ́sà tí wọ́n dín nínú epo títí tó fi dúdú, tí òórùn ẹ̀ á ti kàn yín kẹ́ ẹ tó rí ẹni tó rù ú. Búrẹ́dì tí wọ́n fi jẹ ẹ́ ńkọ́? Ará Jàmáíkà kan, Amos Shackleford, tó wá ṣe akọ̀wé ní rélùwéè lọ́dún 1913, ló sọ búrẹ́dì di òwò ńlá l'Ékòó, òun ló gbé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tẹ ìyẹ̀fun pípò wá, ìyẹn ló jẹ́ kí búrẹ́dì Agége ki, kó sì máa fà.

Ti iṣẹ́ táìsì yẹn, ọmọ wa tó bá fẹ́ kọ́ ọ, kó lọ bá wọn, ọ̀pọ̀ nínú wọn ń gba ọmọṣẹ́. Ẹ wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń na okùn láti igun dé igun kí wọ́n tó lẹ ẹyọ kan, iṣẹ́ sùúrù ni.

Òfin ECOWAS ti ọdún 1979 gbà kí wọ́n wọlé láìgba físà, kí wọ́n lo ọjọ́ 90. Tí wọ́n bá fẹ́ pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí wọ́n lọ gba káàdì ìgbélùú lọ́dọ̀ àwọn Ìmígíréṣọ̀n. Kí mítìn béèrè káàdì yẹn, kí wọ́n gba owó sìkìọ́ríítì lọ́wọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń gbà á lọ́wọ́ gbogbo ayálégbé, kí wọ́n sì jẹ́ kí wọ́n máa ṣiṣẹ́ wọn.