Ìdúpẹ́ lẹ́yìn MANTS: ta ni ká kí, kí la sì máa kí i fún?

Ẹ̀yin tí ẹ béèrè bí ilé-iṣẹ́ yín ṣe lè dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó ṣètò MANTS, ìpàtẹ ọjà àwọn tó ń gbin igi àti òdòdó tà àtàwọn tó ń ṣe ọgbà ilé lọ́ṣọ̀ọ́, èyí tí wọ́n máa ń ṣe ní Baltimore, ní Amẹ́ríkà, lóṣù kìíní ọdún: ẹ má kọ "ẹ ṣé púpọ̀" sórí ìwé kan kí ẹ ní ẹ ti dúpẹ́. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ kì í kan ẹnikẹ́ni lára. Bí Yorùbá ṣe ń kíni ni kí ẹ ṣe. Ẹni tó dúró, ẹ kú ìdúró. Ẹni tó rìn, ẹ kú ìrìn. Ẹni tí òtútù pa, ẹ kú òtútù. Àmọ́ ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ẹni tó ṣe kí ni.

Ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọ̀gbìn mẹ́ta ló ni ìpàtẹ náà, ti ìpínlẹ̀ Maryland, ti Virginia àti ti West Virginia. Àwọn nìyẹn, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ti tó.

Ẹnu ọ̀nà ìjáẹrù ni iṣẹ́ wà. Igi tí ìdí rẹ̀ fẹ̀ tó ínǹṣì 2, ìwé òṣùwọ̀n igi títà ní Amẹ́ríkà, ANSI Z60.1, ní ìdì yẹ̀pẹ̀ tó yí gbòǹgbò rẹ̀ ká kò gbọdọ̀ fẹ̀ dín ní ínǹṣì 24. Kò sẹ́ni tó lè dá a gbé, forklift, ọkọ̀ tó ń gbẹ́rù wúwo sókè, ni. Ẹ wá ro ó, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìsọ̀ ni wọ́n fẹ́ já ẹrù fún láàárín ọjọ́ díẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pín wákàtí fún ọkọ̀. Bí trélà kan bá dé kí wákàtí rẹ̀ tó pé, ó ti dí àwọn tó kù lọ́nà, ilẹ̀kùn ńlá á sì wà ní ṣíṣí, nínú òtútù oṣù kìíní! Àwọn ewéko ilẹ̀ olóoru bí aglaonema kì í fara da ohun tó bá lọ sísàlẹ̀ 10°C. Ewé rẹ̀ kì í dúdú lójú ẹsẹ̀. Ó máa ń tó ọjọ́ bíi mélòó kan kó tó hàn, nígbà tí àwọn oníbàárà ti ń kọjá níwájú ìsọ̀. Onísọ̀ á wá máa dá omi lẹ́bi. Nítorí náà, ẹni tó dúró síbi ilẹ̀kùn tó ń pariwo "ẹ tì í" látàárọ̀ ṣúlẹ̀, òun gan-an ló ṣọ́ ọjà yín. Bí ẹ bá rí i pé forklift oníbátìrì ni wọ́n lò nínú gbọ̀ngàn, ẹ mẹ́nu kan ìyẹn náà. Èéfín forklift tó ń lo gáàsì ní ethylene nínú, òun ló sì máa ń mú kí òdòdó àti ewé já dànù láìtọ́jọ́.

Èkejì ni àwọn tó ń yẹ ẹ̀rọ wò nítorí iná, tí gbogbo èèyàn ń wò bí ayọnilẹ́nu. Òfin iná tí ọ̀pọ̀ ìlú Amẹ́ríkà ń lò sọ pé ẹ̀rọ elépo tí wọ́n bá kó wọ gbọ̀ngàn láti pàtẹ kò gbọdọ̀ ní epo ju ìdá kan nínú mẹ́rin táǹkì rẹ̀ lọ, tàbí gálọ́ọ̀nù 5, èyí tó bá kéré jù nínú méjèèjì. Wọ́n gbọ́dọ̀ dí ẹnu táǹkì pa, kí wọ́n yọ wáyà bátìrì, wọn ò sì gbọdọ̀ rọ epo nínú ilé. Nǹkan tó máa ń ṣẹlẹ̀ ni pé ẹni tó ni ẹ̀rọ á yọ wáyà, á tún dá a padà nítorí pé oníbàárà fẹ́ gbọ́ ìró ẹ́ńjìnnì. Ẹni tó padà wá yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀kejì, ẹ dárúkọ iṣẹ́ rẹ̀ nínú lẹ́tà.

Àwọn òṣìṣẹ́ ọ̀gbìn ìjọba ńkọ́? Kòkòrò spotted lanternfly, tó ń fa omi ara igi mu, tí wọ́n kọ́kọ́ rí ní Amẹ́ríkà ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania lọ́dún 2014, ẹyin rẹ̀ ló máa ń la òtútù já. Ìdì kan máa ń ní ẹyin bí 30 sí 50, ó sì dà bí ẹrẹ̀ gbígbẹ tó ta sára nǹkan. Kì í ṣe ara igi nìkan ló ń lẹ̀ mọ́: abẹ́ ìkòkò, abẹ́ pallet tí wọ́n ń to ẹrù lé, ara trélà. Nítorí náà, ìwé àṣẹ kíkó igi àti ẹrù kọjá tí àwọn òṣìṣẹ́ náà ń béèrè kì í ṣe ẹ̀tànjẹ.

Ọjọ́ ìkẹyìn. Ẹni tó bá ní kí ẹ má tíì palẹ̀ ìsọ̀ mọ́ kò ṣe yín níkà. Oníbàárà tó fẹ́ rajà gidi lè padà wá ní wákàtí tó kẹ́yìn. Igi tó ti lo ọjọ́ mẹ́ta nínú gbọ̀ngàn tó móoru ti pàdánù agbára tó fi ń fara da òtútù, ẹ má kó o sórí ọkọ̀ tí kò ní ìbòrí. Ọkọ̀ abòrí ni kí ẹ lò, kí inú rẹ̀ wà ní bí 4°C sí 7°C, lẹ́yìn náà kí ẹ gbé e sábẹ́ ilé tí yìnyín kò lè dé.

Bí ẹ bá fẹ́ kọ̀wé wàyí, ẹ rántí pé ẹni tó wa forklift sábà máa ń jẹ́ òṣìṣẹ́ agbaṣẹ́ṣe, ẹni tó sì ń gbálẹ̀ lè jẹ́ ti gbọ̀ngàn. Ìyìn tí ẹ kọ sí olùṣètò lè má dé etí wọn láéláé. Ẹ kọ nọ́ńbà ìsọ̀ yín, ọjọ́ àti wákàtí, kí ẹ fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí ọ̀gá ẹni náà. Ọ̀pọ̀ agbaṣẹ́ṣe kì í fẹ́ kí òṣìṣẹ́ wọn gba owó lọ́wọ́ onísọ̀, ṣùgbọ́n lẹ́tà máa ń wọ fáìlì rẹ̀. Kí lẹ́tà náà tó lọ, ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ìpàtẹ ni kó pọ̀ jù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi igi inú ìkòkò ṣe ẹ̀bùn fún ẹni tó ń padà sí ìpínlẹ̀ mìíràn, àfi tí ẹ bá ti rí ìwé àṣẹ igi náà gbà.