Ojú mi rí tó lórí supersede

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ béèrè bóyá supersede ni tàbí supercede, torí lẹ́tà tí ẹ fẹ́ fi sọ pé àdéhùn tuntun ti rọ́pò ti àtijọ́. Supersede ni. S ni kí ẹ kọ, ẹ má kọ c.

Ọ̀rọ̀ yìí ti fìyà jẹ mí rí. Ìwé ìlànà iṣẹ́ kan ni mo kọ, mo gbé e fún ọ̀gá tó ń yẹ ìwé wò. Ó dá a padà, ó fi bírò pupa fa òbìrí yí ọ̀rọ̀ náà ká, kò sọ nǹkan kan. Mo sọ ọ́ di superceed. Ó tún dá a padà, òbìrí pupa kan náà. Mo sọ ọ́ di superseed. Ó tún padà wá! Odindi ọjọ́ mẹ́sàn-án lórí lẹ́tà kan ṣoṣo. Kí ni ì bá ná an láti kọ s sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀? Inú ṣì ń bí mi sí i.

Ìwé atúmọ̀ èdè ló gbà mí. Láti inú èdè Látìn ni: super ni òkè, sedere ni kéèyàn jókòó. Ohun tuntun ti jókòó lé ti àtijọ́ lórí nìyẹn. Session àti sedentary jẹ́ ọmọ ìyá rẹ̀. Cedere, kéèyàn lọ tàbí kó yàgò, ló bí precede, recede àti intercede. Ẹ kíyè sí exceed, proceed àti succeed náà o, e méjì ló tẹ̀ lé c níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ procedure kò ní ju e ẹyọ kan lọ lẹ́yìn c.

Ibi tó dùn mí jù nìyí: nígbà tí s wọlé tán, ọ̀gá buwọ́ lù ú, kò sì rí i pé mo ti dorí gbólóhùn náà kodò. Mo kọ "The old guide supersedes this one." Àwọn òṣìṣẹ́ sì ń tẹ̀ lé ti àtijọ́ lọ! Tuntun ló ń ṣáájú nínú gbólóhùn: "This guide supersedes the old one." Tí ti àtijọ́ bá ṣáájú, ẹ lo by: "The old guide is superseded by this one." Ẹ má fi over sí i.

Ẹ kọ déètì àdéhùn àtijọ́ náà sínú lẹ́tà yín. Tèmi kò ní déètì, ìyẹn ni wọ́n fi ń bi mí pé èwo gan-an ni "old guide".