Ẹ mú ẹni tí ń se oúnjẹ wọn dání

Ẹ kú ìtọ́jú bàbá yín. Ẹ béèrè bí ẹ̀yin ọmọ ṣe lè dá sí ìtọ́jú àtọ̀gbẹ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún wọn ní Adó, láìgba ọ̀rọ̀ ara wọn mọ́ wọn lọ́wọ́. Ẹ tọrọ àyè lọ́wọ́ wọn, kí wọ́n sì fi ẹnu ara wọn sọ fún dókítà pé kí ó máa bá yín sọ̀rọ̀. Ìyẹn kò le.

Èyí tí ó le ni ti àwọn tí ń gba aláìsàn nímọ̀ràn láìbéèrè ẹni tí ń dáná fún un. Nígbà tí àtọ̀gbẹ mú ìyá mi ní Ìkéré, nọ́ọ̀sì tí ó yẹ kí ó là wọ́n lọ́yẹ̀ kò gbójú sókè nínú ìwé tí ó ń kọ. "Màmá, ẹ má jẹ iyán mọ́" ni gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀, ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi tí ń se oúnjẹ wọn sì jókòó sórí bẹ́ǹṣì níta, nítorí wọ́n ní aláìsàn nìkan ni kí ó wọlé. Ta ní ń ní kí ará Èkìtì má jẹ iyán láìsọ ohun tí yóò jẹ dípò rẹ̀? Ẹ̀rù mú kí ìyá mi pa oúnjẹ tì, ṣùgbọ́n wọn kò pa oògùn tì. Glibenclamide sì ni oògùn náà, èyí tí ó lè mú kí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ já wálẹ̀ jù bí a bá lò ó láìjẹun. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan a bá wọn lórí àga, bùbá wọn ti rin fún òógùn, ọwọ́ wọn ń gbọ̀n, wọ́n sì ń fi orúkọ àbúrò wọn tí ó ti kú pè mí. Aládùúgbò kan ti ń pariwo pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ojú lásán. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi, tí ó ti rí irú rẹ̀ lára bàbá tirẹ̀ rí, ni ó po ṣúgà mọ́ omi fún wọn mu, kò sì pẹ́ tí ojú wọn fi wálẹ̀. Kò sí òṣìṣẹ́ ìlera kan tí ó ti sọ fún wa pé bí ìwọ̀n ṣúgà bá ti dín ní 70 mg/dL, ewu ti dé. Ẹ má da nǹkan sẹ́nu ẹni tí ó ti dákú, tí kò mọ ara rẹ̀ mọ́ o. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ sáré gbé e lọ.

Nítorí náà, ẹni tí ń se oúnjẹ bàbá yín ni kí ó bá wọn wọlé, kí ó béèrè bí iyán wọn ṣe gbọ́dọ̀ mọ, kí òṣìṣẹ́ ìlera tí ń gbà wọ́n nímọ̀ràn sì fi ọwọ́ wọ̀n ọ́n lójú rẹ̀. Bí ìgò àgbo bá wà lẹ́yìn ìlẹ̀kùn wọn, ẹ má bá wọn jà, ṣùgbọ́n kí dókítà mọ̀ nípa rẹ̀. Ẹ máa wo àtẹ́lẹsẹ̀ wọn lálaalẹ́, pàápàá bí wọ́n bá ṣì ń lọ sóko, nítorí àtọ̀gbẹ lè pa ẹsẹ̀ kú débi pé ẹ̀gún yóò gún wọn tí wọn kò ní mọ̀. Ẹ̀gbọ́n yín tí ẹ ní ó ń ti Èkó pàṣẹ lórí fóònù, owó bébà tí a ń kán ẹ̀jẹ̀ sí láti fi wọn ṣúgà ni kí ó máa fi ránṣẹ́, nítorí bébà náà ni ó máa ń kọ́kọ́ tán nílé.