Opó tó fẹ́ tún lọ́kọ: ṣé ìjọ àkọ́kọ́ ló ní kó má lọ́kọ?

Àbúrò mi, Opó Olùkọ́,

Lẹ́tà rẹ dé ọwọ́ mi. O ní ọdún kẹrin rèé tí ọkọ rẹ ti ṣaláìsí, pé ẹni ọdún 38 ni ọ́, ọmọ méjì sì wà lọ́wọ́ rẹ. Láti ìgbà tí ọkọ rẹ ti wà láyé lo ti ń kọ́ kíláàsì Bíbélì àwọn àgbà ní ṣọ́ọ̀ṣì yín. Ní báyìí, olórí ẹgbẹ́ akọrin yín, tí ìyàwó tirẹ̀ náà ti kú, ní òun fẹ́ fẹ́ ọ. Làwọn alàgbà bá pè ọ́, wọ́n ní "opó nítòótọ́" kì í tún lọ́kọ, pé bẹ́ẹ̀ ló ti rí láti ìgbà àwọn àpọ́sítélì, àti pé bí o bá fẹ́ ẹ, kí o gbé kíláàsì sílẹ̀. O wá bi mí pé ṣé òótọ́ ni.

Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá, ó sì dùn mí pé irú ọ̀rọ̀ yìí ni wọ́n fi dẹ́rù bà ọ́.

Inú Tímótì Kìíní orí 5 ni wọ́n ti mú "opó nítòótọ́" yẹn. Ṣí i, kà á láti ẹsẹ 3, má sì dúró níbi tí wọ́n dúró sí. Ọ̀rọ̀ àwọn opó tí ìjọ ń tọ́jú ló ń sọ níbẹ̀, àwọn tí kò ní ọmọ tàbí ọmọ-ọmọ tó lè bọ́ wọn. Ẹsẹ 9 ní kí wọ́n má kọ orúkọ opó tí kò bá tíì pé ẹni 60 ọdún sílẹ̀. Nígbà tó wá kan àwọn opó tí kò tíì dàgbà tó bẹ́ẹ̀, ẹsẹ 14 ní kí wọ́n lọ́kọ, kí wọ́n bímọ, kí wọ́n máa tọ́jú ilé. Orí kan náà tí wọ́n fi dè ọ́ ló ní kí irú rẹ lọ́kọ!

Ká wá lọ sí Kọ́ríńtì Kìíní orí 7. Lẹ́tà ni Póòlù ń dáhùn níbẹ̀, àwọn ará Kọ́ríńtì ló kọ̀wé bi í. Mi ò ní tàn ọ́: ó ní lójú tòun, ayọ̀ opó yóò pọ̀ jù bó bá dúró bẹ́ẹ̀. Àmọ́ gbọ́ bó ṣe sọ ọ́. Ní ti àwọn wúńdíá, ó ní òun ò ní àṣẹ láti ọ̀dọ̀ Olúwa, ìmọ̀ràn lòun ń mú wá. Ní ti opó, ẹsẹ 39 ní bí ọkọ bá ti kú, obìnrin lómìnira láti fẹ́ ẹni tó bá wù ú, kó ṣáà ti jẹ́ nínú Olúwa. Póòlù gbà ọ́ nímọ̀ràn, ó sì fi yíyàn sí ọ lọ́wọ́. Àwọn alàgbà yín ló sọ ìmọ̀ràn dòfin.

Ó yẹ kí o mọ ìdí tí inú ọ̀pọ̀ obìnrin ìgbà náà fi dùn sí ìmọ̀ràn yìí. Ní Róòmù, òfin tí Augustus Késárì ṣe ní ọdún 18 ṣáájú ìbí Olúwa wa, tó sì tún fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní ọdún 9 lẹ́yìn ìbí Olúwa wa, fẹ́ kí opó tí kò tíì pé 50 ọdún tún lọ́kọ. Ọdún méjì péré ni wọ́n fún un. Bó bá kọ̀, ó lè pàdánù ogún tí ẹlòmíràn bá fi sílẹ̀ fún un. Ọdún 320 ni Constantine, ọba Róòmù, tó fagi lé ìyà yẹn. Nítorí náà, nígbà tí ìjọ sọ fún opó pé ó lè dá dúró, ìtúsílẹ̀ ló jẹ́ fún un.

Wo Olympias, opó kan ní ìlú Constantinople. Ọkọ rẹ̀ kú nígbà tó ṣì kéré, ó sì lówó rẹpẹtẹ. Theodosius, ọba Róòmù, fẹ́ fi í fún ìbátan ara rẹ̀, ó fárígá. Ọba gbẹ́sẹ̀ lé dúkìá rẹ̀, síbẹ̀ kò yẹsẹ̀, ó sì di díákónì ìjọ ìlú náà. Mo bọ̀wọ̀ fún obìnrin yẹn gidigidi. Ohun tí òun fúnra rẹ̀ fẹ́ ló ṣe, ẹnikẹ́ni kò fi dè é. Òmìnira tirẹ̀ yìí ni wọ́n fẹ́ sọ di ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ fún ọ.

Àwọn kan le lóòótọ́. Tertullian, òǹkọ̀wé Kristẹni kan ní ìlú Carthage ní Àríwá Áfíríkà, kọ̀wé sí ìyàwó rẹ̀ pé bí òun bá kú, kó má lọ́kọ mọ́, bí kò bá sì lè ṣe bẹ́ẹ̀, kó fẹ́ onígbàgbọ́. Nígbà tó yá, ọ̀rọ̀ rẹ̀ tún le sí i, ó ka ìgbéyàwó kejì sí oríṣi àgbèrè. Ṣùgbọ́n ìjọ kò tẹ̀ lé e. Nínú àpérò àwọn bíṣọ́ọ̀bù ní ìlú Nicaea ní ọdún 325, òfin kẹjọ sọ̀rọ̀ nípa àwọn kan tó ń pe ara wọn ní "ẹni mímọ́", tí wọn kì í bá ẹni tó ṣègbéyàwó lẹ́ẹ̀kejì da nǹkan pọ̀. Àpérò ní bí àlùfáà wọn bá fẹ́ padà sínú ìjọ, kó kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun yóò gba àwọn tó ṣègbéyàwó lẹ́ẹ̀kejì mọ́ra. Augustine, bíṣọ́ọ̀bù ìlú Hippo ní Àríwá Áfíríkà, náà kọ̀wé sí opó kan tó ń jẹ́ Juliana. Ó yin dídúró ní opó ju ìgbéyàwó lọ, àmọ́ ó ní òun ò jẹ́ dá ìgbéyàwó kejì lẹ́bi.

Ti kíláàsì ńkọ́? Bí wọ́n bá fa Tímótì Kìíní orí 2 yọ, pé obìnrin kò gbọdọ̀ kọ́ni, àríyànjiyàn àtayébáyé nìyẹn, àwọn tó bẹ̀rù Ọlọ́run sì wà lápá méjèèjì. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹjọ́ tí wọ́n pè ọ́ nìyẹn. Ilé ọkọ lo wà nígbà tí wọ́n fi kíláàsì náà lé ọ lọ́wọ́. Báwo ni lílọ́kọ ṣe wá sọ ọ́ di ẹni tí kò yẹ? Ilé ọkọ ni Prískíllà náà wà ní Éfésù nígbà tí òun àti Àkúílà ọkọ rẹ̀ mú oníwàásù Àpólò sọ́dọ̀, tí wọ́n sì ṣàlàyé ọ̀nà Ọlọ́run fún un yékéyéké.

Padà lọ bá àwọn alàgbà, mú àgbà kan tí wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún dání. Fi ìrẹ̀lẹ̀ bi wọ́n pé níbo ni òfin yìí wà nínú ìwé òfin ìjọ yín. Bi wọ́n pẹ̀lú bóyá wọ́n ti ní kí olórí akọrin gbé ẹgbẹ́ sílẹ̀, torí ìyàwó kejì lòun náà fẹ́ fẹ́. Lẹ́yìn náà, dúró gbọ́ ohun tí wọ́n máa sọ.

Ohun kan ṣẹ́ kù tó ń dùn mí lọ́kàn. O kọ ọ̀rọ̀ àwọn alàgbà, o kọ ti ìyá rẹ tó ń kánjú kí o lọ́kọ, àmọ́ kò síbi tí o ti sọ pé ìwọ fúnra rẹ fẹ́ràn arákùnrin yìí. Bó bá wù ọ́, bi í léèrè bóyá yóò gbà kí o máa kọ́ni lọ, àti ẹni tí yóò máa san owó iléèwé àwọn ọmọ, kí ẹbí tó wá mọ̀ mí n mọ̀ ọ́. Bí kò bá sì wù ọ́, tètè sọ fún un, má sì jẹ́ kí ìyá rẹ tì ọ́ síbi tí ọkàn rẹ kò sí.

Èmi ni tìrẹ,
Àǹtí yín